Ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú àti ìtẹ́ ẹyẹ: èsì fún Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú ti ń gé ẹnu ihò àpótí tí ẹ kàn fún ẹyẹ láti yé sí ní Leeds ní England, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ṣí àpótí náà kúrò lára igi lọ sára ògiri. Ojú èmi náà ti rí nǹkan.

Blue tit, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò, ló wọ inú àpótí tèmi. Abo yé ẹyin funfun wẹ́wẹ́ tó ní àmì pupa lára, ó sàba lé wọn, ẹyin náà pa ọmọ, a sì ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ láti kíṣìnnì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ń fọ abọ́, mo gbójú sókè, ìrù nìkan ni mo rí níta ihò. Ìyókù ara ọ̀kẹ́rẹ́ wà nínú. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, ó ti gbé ọ̀kan sẹ́nu. Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Etí ihò náà ti rí jágajàga, igi funfun yọ níbi tó fi eyín họ. Ìyá wọn ló dùn mí jù. Ó há kòkòrò sẹ́nu, ó wọlé, ó jáde, kòkòrò náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tún wọlé. Títí dọ̀sán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin kò jẹun.

Mo pe àwọn kánsù. Wọ́n fi orin dá mi dúró lórí fóònù, ẹni tó gbé e níkẹyìn ní bí Ọlọ́run ṣe dá ayé nìyẹn. Ayé wo? Ará Amẹ́ríkà ni ẹranko yìí! Èèyàn ló kó o wá, tó tú u sílẹ̀ ní Henbury Park ní Cheshire ní 1876, kò sì jẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ pupa onílé gbádùn mọ́. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tún gbowó lọ́wọ́ mi, ó ní kí n dẹ páńpẹ́, kí n lọ tú èyí tó bá kó sí i sínú igbó. Ẹ má gbọ́ tirẹ̀ o! Òfin kò gbà kí ẹ mú ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú kí ẹ tún tú u sílẹ̀. Ẹ má sì rì í sínú omi, wọ́n ti gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ nítorí ẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn tó ṣèwádìí lórí ẹyẹ inú igbó ní England kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀rí pé ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ló ń mú kí wọ́n dín kù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyẹ England lápapọ̀ ló ń ké lẹ́yìn kíṣìnnì mi.

Ohun tí yóò dí ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́nà ni páànù. Ẹ ra èyí tí wọ́n gé ihò sí láàárín, ẹ dè é mọ́ ẹnu ihò. Kí ihò páànù náà fẹ̀ tó 25mm fún blue tit, 28mm fún great tit, ìbátan rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, 32mm fún ológoṣẹ́. Ìyẹn ò ṣòro. Bí ẹyẹ àkókó bá wà ládùúgbò yín, ẹ̀gbẹ́ àpótí ni yóò lu, páànù iwájú ò ràn án.

Ẹ̀pà tí ẹ ń so kọ́ ńkọ́? Ẹ gbé e jìnnà sí ìtẹ́. Òun ló ń pe ọ̀kẹ́rẹ́ wá, bó bá ti yó tán ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo àyíká. Àwọn kan ń da ata gígún sí oúnjẹ ẹyẹ: ẹyẹ kì í mọ̀ pé ata ń ta, ọ̀kẹ́rẹ́ mọ̀ dáadáa. Ẹ ṣáà fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú àwọn ìbejì.

Háà, ògiri tí ẹ béèrè. Bí ẹyin tàbí ọmọ bá ti wà nínú àpótí náà, ẹ má ṣí i nípò rárá, òfin 1981 tó ń dáàbò bo ẹyẹ kò gbà á. Ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá fò lọ, kó di nǹkan bí oṣù kẹwàá. Ògiri dára, bí kò bá ti sí páìpù omi òjò nítòsí rẹ̀, torí ọ̀kẹ́rẹ́ ń gun ìyẹn náà. Ẹ ya fọ́tò ẹnu ihò náà sí ibí, kí n mọ bó ṣe fẹ̀ tó kí ẹ tó ra páànù.