Ẹ má ṣe fi omi kan káàdì bésíbọ̀ọ̀lù àtijọ́ yẹn, rúlà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Arábìnrin wa, ẹ kú àfẹ́kù bàbá náà. Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé bàbá àgbàlagbà tí ẹ tọ́jú fún ọdún mẹ́rin ní Baltimore fún yín ní páálí káàdì bésíbọ̀ọ̀lù kan, àwọn káàdì tí wọ́n ya àwòrán eléré sí, kí ó tó jáde láyé, pé onísọ́ọ̀bù káàdì kan ní àdúgbò yín fẹ́ san 600 dọ́là fún gbogbo rẹ̀, àti pé ẹ kò mọ̀ bóyá kí ẹ gba owó náà tàbí kí ẹ kọ́kọ́ kó káàdì wọ̀nyí lọ fún ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní grading, ìyẹn yíyẹ káàdì wò kí a lè fún un ní máàkì. Ẹ tún sọ pé ẹ fẹ́ fi aṣọ tútù nu eruku àti àbàwọ́n ṣingọ́ọ̀mù tí ó wà lára wọn. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó mú mi sáré dá yín lóhùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe nù wọ́n. Mo fi áńkáṣíìfù tútù nu káàdì eléré kan tí ń jẹ́ Al Kaline, ti ọdún 1954, rí. Bí omi ti ń gbẹ ni páálí náà ń ká kò, nígbà tí ó sì gbẹ tán, dídán ojú rẹ̀ ti lọ, kò sì padà mọ́ títí di òní.

Ṣùgbọ́n ti Kaline kéré sí èyí tí ó dùn mí jù. Ní ọdún 2019, mo ra káàdì Hank Aaron, ìlúmọ̀ọ́ká eléré bésíbọ̀ọ̀lù, nọ́mbà 128 nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní ọdún 1954, lọ́wọ́ oníṣòwò kan níbi ìpàtẹ káàdì ní Maryland. 1,900 dọ́là ni mo san, owó tí mo tu jọ díẹ̀díẹ̀ láti inú iṣẹ́ òru. Òun ni káàdì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún Aaron, èmi kò sì rà á nítorí èrè nìkan. Ọmọ dúdú ará Mobile ní Alabama ni ọkùnrin yìí, wọ́n kọ lẹ́tà ìkórìíra àti ìhalẹ̀ ikú ránṣẹ́ sí i bí ó ti ń sún mọ́ 714 home run (bọ́ọ̀lù tí eléré gbá tí ó fi sáré yí pápá ká padà dé ilé) tí Babe Ruth, eléré aláwọ̀ funfun àtijọ́, gbá, síbẹ̀ ó gbá ti 715 ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1974, ó sì gbá a títí ó fi dé 755. Mo fẹ́ kí ọmọ mi jogún káàdì náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, mo fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ń yẹ káàdì wò, tí ń fún un ní máàkì láti 1 dé 10, tí ń sì tì í mọ́ inú ike. Àkókò náà gan-an ni gbogbo Amẹ́ríkà ń rọ́ káàdì lọ sọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mo dúró fún oṣù mẹ́wàá. Ní gbogbo oṣù mẹ́wàá náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ojú ewé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń sọ fún mi, pé wọ́n ti gbà á. Mo pè wọ́n títí ó fi sú mi; ẹni tí ó gbé fóònù ń ka gbólóhùn kan náà sí mi létí bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Nígbà tí káàdì náà padà wálé, inú àpò ọ̀rá lásán ni ó wà, kò sí máàkì, àfi ìwé pélébé kan tí ó sọ pé wọ́n ti gé etí rẹ̀. Ta ni ó gé e? Etí wo? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọn kò sọ. Owó iṣẹ́ wọn, 150 dọ́là, wọn kò dá a padà, nítorí wọ́n ní àwọn ti ṣe iṣẹ́ àwọn. Mo wa ọkọ̀ lọ bá oníṣòwò náà, ó sì sọ fún mi lójú ìyàwó mi pé ọjà tí ó ti kúrò lọ́wọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ kì í tún ṣe ti òun mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó mú rúlà, ohun tí ì bá ti ná mi ní dọ́là kan péré kí n tó san 1,900. Káàdì Topps láti ọdún 1952 sí 1956 máa ń jẹ́ ínǹṣì 2⅝ ní fífẹ̀ àti 3¾ ní gíga; láti ọdún 1957 ni ó ti di 2½ sí 3½ tí a mọ̀ lónìí. Mo gbé Aaron mi lé orí káàdì eléré mìíràn ti ọdún kan náà, èyí tí kò ju dọ́là mélòó kan lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì sì yọ ní ìsàlẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ náà mú, ó sì funfun ju àwọn mẹ́ta yòókù tí ọjọ́ ti pọ́n lọ. Báyìí ni àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ṣe máa ń ṣe: bí igun káàdì bá ti jẹ, wọn á fi abẹ gé e kí igun tuntun lè yọ. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Topps fúnra rẹ̀ máa ń gé káàdì kéré nígbà mìíràn, nítorí náà gígùn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ wo bí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe jọ ara wọn.

Ẹ má ṣe rò pé ojú àwọn ayẹ̀káàdìwò kì í fo nǹkan. Káàdì àkọ́kọ́ tí PSA, ilé-iṣẹ́ ayẹ̀káàdìwò kan, fún ní máàkì nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 ni ti Honus Wagner, eléré ayé àtijọ́, ọ̀kan nínú káàdì inú páálí sìgá tí a ń pè ní T206, tí wọ́n tẹ̀ láti 1909 sí 1911. Máàkì 8 ni wọ́n fún un. Ní ọdún 2007, ẹnì kan san 2.8 mílíọ̀nù dọ́là fún un. Ní ọdún 2013, Bill Mastro, oníṣòwò tí ó tà á tẹ́lẹ̀, jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́ pé òun ti gé etí rẹ̀. Wọ́n rí àbùkù tèmi, wọn kò rí ti èyí!

Ẹ sọ pé káàdì kéékèèké kan wà nínú páálí yín tí wọ́n kọ Piedmont, orúkọ sìgá kan, sí lẹ́yìn. T206 lè ni, ṣùgbọ́n ayédèrú wọn pọ̀ bí iyanrìn. Ẹ ra iná black light, iná aláwọ̀ àlùkò tí ń mú ohun funfun tàn nínú òkùnkùn, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tàn án sí wọn: bí páálí bá tàn yòò bí aṣọ funfun tí a fi búlùú ṣan, ìwé òde òní ni, nítorí kẹ́míkà tí ń mú ìwé tàn bẹ́ẹ̀ kò sí nígbà tí wọ́n ń tẹ T206. Bákan náà, bí ẹ bá rí káàdì Mickey Mantle, gbajúmọ̀ eléré tí káàdì rẹ̀ wọ́n gan-an, ti ọdún 1952, ẹ má tíì yọ̀. Topps fúnra rẹ̀ tún àwọn káàdì ọdún náà tẹ̀ ní ọdún 1983, wọ́n kéré sí ti àkọ́kọ́, ẹ̀yìn wọn sì sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ kò béèrè. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn ọmọ bàbá náà, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé bàbá wọn ni ó fún yín ní káàdì wọ̀nyí. Àwa tí a ń tọ́jú àgbàlagbà ní ilẹ̀ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń yára fura sí wa, kò sì sí ẹni tí yóò gba ẹnu lásán gbọ́ bí owó ńlá bá yọ nínú rẹ̀.

Ní ti títọ́jú wọn, ẹ tú rọ́bà tí ó so wọ́n, ẹ kó wọn sínú àpò ọ̀rá àti ike líle tí a ń pè ní toploader, ẹ má gbé wọn sí abẹ́ ilé tí ó rin.

Ẹ má gba 600 dọ́là náà báyìí, ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ lọ gba máàkì, nítorí owó iṣẹ́ wọn yóò ju iye ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lọ. Ẹ yọ àwọn gbajúmọ̀ sọ́tọ̀: Aaron àti Ernie Banks ti 1954, Roberto Clemente àti Sandy Koufax ti 1955, Mantle ọdún èyíkéyìí. Nígbà tí ó jẹ́ pé Baltimore ni bàbá náà dàgbà sí, mo fura pé Brooks Robinson, eléré ẹgbẹ́ Orioles ti Baltimore, ti ọdún 1957, nọ́mbà 328, yóò wà níbẹ̀. Ẹ wá a, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rúlà, kí ẹ ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi kí ẹ tó padà lọ bá onísọ́ọ̀bù náà.