Ìbọn Kékeré Kọ́ Ni Ìbọn Tó Rọrùn

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, ẹni ọdún 46, mo sì ti di ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà. Òru ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí náà mo pinnu láti ra ìbọn ìléwọ́ kan sílé, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan ìbọn rí. Ẹni tó ń tà á fi ìbọn pẹ́ńpẹ́ kan hàn mí, ó ní òun ló yẹ obìnrin nítorí pé ó fúyẹ́. Ọmọ ọdún 9 wà lọ́dọ̀ mi. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ má tíì rà á. Bí ọta bá ń jáde, agbára tó ń lé e lọ síwájú náà ló ń ti ìbọn padà sẹ́yìn. Ìbọn tó wúwo díẹ̀ yóò gba púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n bí ìbọn bá fúyẹ́, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn ọdẹ ilé wa tí ṣakabùlà ti ta léjìká mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tí ìbọn bá ń ta bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dijú kí ìbọn tó dún, àṣà náà kì í sì í tètè kúrò lára.

Ìbọn tó ń lo ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22, irú bíi Ruger Mark IV, ni ó dára jù fún ìkọ́ṣẹ́, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ta rárá, ọta rẹ̀ kò sì wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ rà fún ààbò ilé, ẹ wo ìbọn tí kò kéré jù, tó ń lo ọta 9mm, bíi Glock 19, tó ń gba ọta 15. Irin orí rẹ̀ tí a ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé lè le fún ọwọ́ àwọn kan; irú wọn ni ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ṣe M&P 380 Shield EZ fún ní 2018.

Síbẹ̀, kí ẹ tó náwó, ẹ lọ sí pápá ìyìnbọn tí wọ́n ti ń yá ènìyàn ní ìbọn, kí olùkọ́ dúró tì yín, kí ẹ fi nǹkan bo etí àti ojú, kí ẹ sì dán mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò. Èyí tí ìka yín dé ibi tí a ń fà kí ìbọn tó dún dáadáa láìjẹ́ pé ẹ yí ọwọ́ padà ni tiyín. Ní ti ìwé tí ẹ óò kọ àti ìwádìí tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó tà á, kò yẹ kí ó dà yín láàmú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá tẹ ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ nítorí pé àgbà kò pa á mọ́ dáadáa. Abẹ́ ìrọ̀rí kì í ṣe ibi ìpamọ́, bẹ́ẹ̀ ni orí kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ọmọ ọdún 9 mọ àga gbé. Àpótí irin kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́ tàbí nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ kàn án mọ́lẹ̀ nínú yàrá yín, kí ẹ tó padà lọ bá ẹni tó ń ta ìbọn.