Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Kíbọ́ọ̀dù ò tẹ, máòsì ò mira

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà. Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré kan nítòsí Póli Ìbàdàn, púrójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé-ìwé la máa ń tẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́, Windows 11 ló wà nínú ẹ̀, mo pa á dé lálẹ́, nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ ó tàn dáadáa, àmọ́ ibi páásíwọ̀ọ̀dù ló dúró sí, touchpad ò mira, kíbọ́ọ̀dù ò tẹ nǹkankan. Ẹ́ńjíníà àdúgbò wa ò tiẹ̀ tú u wò tó fi ní kíbọ́ọ̀dù ti kú, kí n lọ mówó wá ra tuntun. Ṣé òótọ́ ni? Iṣẹ́ ọmọ olọ́mọ wà nínú ẹ̀ o.
Ìyá Oníbísínẹ́ẹ̀sì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì yọ owó kankan o, Mà. Lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, kíbọ́ọ̀dù ní wáyà pẹlẹbẹ tiẹ̀, touchpad náà ní tiẹ̀, kí méjèèjì wá kú lóru ọjọ́ kan náà láìjẹ́ pé omi dà sí i, ó ṣọ̀wọ́n. Windows ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ṣebí ní October 2025 náà ni àpdéètì Windows 11 kan, KB5066835, sọ kíbọ́ọ̀dù àti máòsì USB di aláìgbọ́ràn lójú ewé tí wọ́n ti ń tún Windows ṣe, àfìgbà tí Microsoft sáré gbé KB5070773 jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí á fi kú pátápátá. Kì í ṣe kẹ́ ẹ pa á dé o, oorun lásán nìyẹn. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ flash, ẹ yọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, tí bátìrì ẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ń yọ látẹ̀yìn ẹ yọ òun náà, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bíi sẹ́kọ́ńdù 30 kí iná tó ṣẹ́ kù nínú bọ́ọ̀dù lè gbẹ. Ẹ tàn án padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibí lọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Tó bá ṣì yarí, bẹ́ ẹ ṣe ń tàn án ẹ máa tẹ F2 léraléra, tó bá jẹ́ HP ẹ tẹ F10. BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, lẹ máa bá níbẹ̀, Windows ò tíì jí rárá nígbà yẹn. Tí bọ́tìnnì olọ́fà bá ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, kíbọ́ọ̀dù yín ò kú, ẹ sọ fún ẹ́ńjíníà yẹn pé mo kí i. Àmọ́ ẹ má yí nǹkankan níbẹ̀ o, ẹ tẹ Esc kẹ́ ẹ jáde. Tí ò bá dáhùn níbẹ̀ náà, á jẹ́ pé kó tú u lóòótọ́, kó wò ó bóyá wáyà ló yọ.

Ká ní ó dáhùn, ẹ yá máòsì USB. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ojú ibi páásíwọ̀ọ̀dù, àwòrán èèyàn kékeré kan wà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mú On-Screen Keyboard, kíbọ́ọ̀dù tó ń hàn lójú síkírínì, ẹ fi máòsì tẹ páásíwọ̀ọ̀dù yín wọlé. Níbẹ̀ náà ẹ wò ó bóyá Filter Keys, ètò tí kì í ka títẹ kíákíá sí, wà ní títàn, torí tí nǹkan bá tẹ Shift apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdù mẹ́jọ, ó lè tan ara ẹ̀, kíbọ́ọ̀dù á wá dà bí òkú. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ lọ sí Device Manager, ibi tí Windows to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, ẹ yọ orúkọ kíbọ́ọ̀dù kúrò ní Keyboards, kẹ́ ẹ rístáàtì, Windows á wá a padà fúnra ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn ṣá, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ bẹ̀rẹ̀ kójú yín ṣe déédéé ẹ̀. Bí touchpad bá ga ju ara tó kù lọ, tàbí láptọ́ọ̀pù ń mì jẹ̀gẹ̀ lórí tábìlì, bátìrì ti wú nísàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tàn án mọ́, ẹ má fi ṣájà sí i, kẹ́nikẹ́ni má fi irin gún un, ó lè gbiná.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ti séèfù ò lọ síbì kankan, inú díìsìkì ló wà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn kóun nu gbogbo nǹkan inú ẹ̀ kúrò, torí kíbọ́ọ̀dù, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ ẹ̀.