Èsì fún ẹni tó bèèrè nípa gíga stéèjì àti fíìmù Altamont

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní òde orin ọ̀fẹ́ lẹ fẹ́ ṣe fún àdúgbò yín níparí ọdún, ẹ wá ń bèèrè bí stéèjì ṣe yẹ kó ga tó, àti bóyá kí ìgbìmọ̀ yín wo fíìmù Gimme Shelter ná. Mo ti ṣe irú ètò yẹn rí. Títí dòní, mi ò lè dúró níbi tí èrò bá ti ń ti ara wọn.

Ẹ wò ó. Ìrìn àjò ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones káàkiri Amẹ́ríkà ní 1969 ni fíìmù náà dá lé. Orin ló pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ lè fò ó. Ibi tí lọ́yà wọn ti ń fi fóònù wá pápá ni kẹ́ ẹ jókòó tì. Ó ku bí ọjọ́ méjì kí òde orin náà wáyé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Altamont, pápá ìdíje ọkọ̀ ní California. Stéèjì tí wọ́n ṣe fún orí òkè níbòmíì ni wọ́n gbé sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀, bíi mítà kan péré ló ga, èèyàn bí 300,000 sì ń rọ́ wá láti òkè. Hells Angels, ẹgbẹ́ alálùpùpù, ni wọ́n ní kó ṣọ́ ọ. Bíà owó 500 dọ́là ni wọ́n ní wọ́n fi bẹ̀ wọ́n.

Bíà! Ohun táwa náà ṣe gan-an nìyẹn. Ní 2017, àwọn ọmọ àdúgbò la ní kó dúró níwájú, a fi páálí ọtí sí i fún wọn. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, àwọn gan-an ló ń na èèyàn. Pákó orí búlọ́ọ̀kù ni stéèjì wa, kò ju orúnkún lọ, nítorí ọ̀gá tó ń ṣe ètò ohùn ní tó bá ga, olórin á jìnnà sérò. Olórin na ọwọ́, èrò ya. Àbúrò mi obìnrin wà níwájú. Ìka rẹ̀ ni mo rí, ó di etí pákó mú, èékánná rẹ̀ ti funfun, mi ò rí ojú rẹ̀. Ẹnì kan wá pa gẹnẹrétọ̀. Ẹ má pa iná láéláé! Ohùn ni kẹ́ ẹ pa, kẹ́ ẹ bá èrò sọ̀rọ̀. Nínú òkùnkùn yẹn ni egungun ìhà àbúrò mi méjì kán. Ọkọ̀ tí ì bá gbé e, wọ́n ti páàkì dí i.

Àwọn aláṣẹ tó gba lẹ́tà wa lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kan nínú wọn ò wá wo pápá. Lọ́jọ́ kejì, rìsíìtì ni wọ́n ń bèèrè.

Èèyàn mẹ́rin ló kú ní Altamont. Wọ́n gún Meredith Hunter, ọmọ ọdún 18, lọ́bẹ níwájú stéèjì. Ọkọ̀ pa méjì, ẹnì kan kú sómi. Nítorí náà ẹ wo gọ́tà àti ibùdókọ̀ pẹ̀lú.

Stéèjì: kó ga ju orí èèyàn lọ díẹ̀, kí bárikédì onírin wà níwájú rẹ̀, kí àyè tí èèyàn mẹ́ta lè gbà kọjá wà láàárín. Owó ni kẹ́ ẹ san fún sikioríti. Tẹ́ ẹ bá ti mú pápá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí, kí n bá yín wo ibi tí ilẹ̀ dà sí.