Ẹ Má Gba "Kò Pọn Dandan" Lọ́wọ́ Wọn

Màmá, mo ka ọ̀rọ̀ yín pé ọmọ yín wà nílé ìtọ́jú nítorí heroin tó ti di bárakú sí i lára, pé inṣọ́ránsì wá ní àwọn ò ní sanwó mọ́, gbígbé níbẹ̀ "kò pọn dandan", kó máa tilé wá gbàtọ́jú. Ẹ kú ìfaradà. Ohun tí wọ́n kọ sí wa nípa àbúrò mi ọkùnrin gan-an nìyẹn, a sì bá wọn fà á títí wọ́n fi sanwó. Ẹ má gbà fún wọn.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni pé kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀, kí wọ́n sì fún yín ní ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé, lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí tiwa dé, gbogbo ohun tí dókítà wọn wò kò ju pé àbúrò mi kò gbọ̀n mọ́, kò bì mọ́, ó sì ń rí oorun sùn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mẹ́fà ni ASAM, ẹgbẹ́ àwọn dókítà bárakú ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n fi yẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò, títí kan irú ilé tó ń padà sí àti bó ṣe lè tètè padà sídìí oògùn. Ẹni tí òun àti àbúrò mi jọ ń lo oògùn, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé! Ibẹ̀ ni wọ́n ní kó padà sí. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ mú ìlànà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìdáhùn sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà yẹn ló ràn wá lọ́wọ́ jù.

Ẹ ní kí dókítà yín kọ èyí náà: ẹni tó ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ kì í lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá padà lo ìwọ̀n àtijọ́, ó lè pa á.

Láti 2008 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ orúkọ sẹ́nétọ̀ Paul Wellstone àti Pete Domenici ti wà: ètò tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, tó sì ń sanwó ìtọ́jú bárakú, kò gbọdọ̀ fi ìlànà tó le ju ti àìsàn ara yòókù dí i lọ́nà. Ẹ bi wọ́n nínú lẹ́tà yín: ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tó ń kọ́ ìrìn padà nílé ìtọ́jú, ṣé gbogbo ìgbà lẹ máa ń ní kí dókítà rẹ̀ wá ṣàlàyé ìdí tí kò fi tíì lọ sílé? Inú ṣì ń bí mi pé èèyàn gbọ́dọ̀ máa béèrè irú ẹ̀ kó tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà.

Ẹ ní ọjọ́ 180 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ inṣọ́ránsì náà, àmọ́ ẹ má dúró. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, wákàtí 72 péré ni wọ́n ní láti fèsì. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ béèrè láàárín oṣù 4 fún àyẹ̀wò láti òde, ìyẹn ni pé kí ẹni tí kì í ṣe ara inṣọ́ránsì náà tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ohun tí olùyẹ̀wò yẹn bá sọ, inṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ tún bi ibi iṣẹ́ bàbá ọmọ yín bóyá àpò ara wọn ni wọ́n fi ń sanwó ìtọ́jú òṣìṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ máa fẹjọ́ sùn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì inṣọ́ránsì ti ìpínlẹ̀ yín ni.