Sí àbúrò tó fẹ́ sọ sítọ́ọ̀ kòkó di mùsíọ́ọ̀mù: fi gíláàsì sílẹ̀ ná, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná

Àbúrò mi, o ní wọ́n gbé sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ kan lé ọ lọ́wọ́ n'Íbàdàn, pé kó o sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù fún iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà àti fídíò. O wá ń béèrè bí àjà gbọ̀ngàn ṣe yẹ kó ga tó, àti bóyá kó o fi gíláàsì ṣe gbogbo iwájú ilé. Ibi gíláàsì yẹn ni àyà mi ti já.

Èmi náà fi gíláàsì síwájú nígbà tí a tún ilé mùsíọ́ọ̀mù tiwa ṣe. Ojú ìwọ̀ oòrùn ló sì kọ sí. Ayàwòrán-ilé tí a gbà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn. Tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù, gbogbo àwòrán tí projector ń gbé sára ògiri á ṣá bí àǹkárá tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Gbági la pàpà lọ ra kọ́tìnnì dúdú láti fi bo gíláàsì olówó ńlá.

Ìyẹn ò pa mí lẹ́kún. Iná ló pa mí lẹ́kún.

Lọ́jọ́ tí a ṣí ilé náà, àwọn àgbà ti jókòó, ìyàwó mi ti wé gèlè, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti tutù. Wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbé e kí èèyàn tó ka ogún, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú o. Wọ́n wá ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì hàn gàdàgbà lára ògiri kì í ṣe iṣẹ́ ọnà mọ́, ojú dúdú tó kún fún lẹ́tà funfun ni, tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun ò rí ibi tí fáìlì wà. Bàbá kan mi orí, ó ní, "Iṣẹ́ yìí jinlẹ̀ o." Mi ò ní ẹnu tí mo máa fi sọ fún wọn pé nǹkan ti bàjẹ́ ni. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi.

Àṣé èyí tó dùn ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n dá iná padà, iná náà sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Projector mẹ́ta jó lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. A yá ọ̀kan nínú wọn ni. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi san owó rẹ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Mo ṣe é. Ọ̀gá kan wá ní tìràńsífọ́mà náà, àdúgbò ló ni ín, kí n lọ bá lándílọ́ọ̀dù ṣèpàdé. Ẹnjiníà tiwa ńkọ́? Gílóòbù àti fáànù ló ṣírò iná fún. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ẹ ò sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ni ẹ máa kó síbẹ̀." Sínú mùsíọ́ọ̀mù kọ̀ǹpútà!

Nítorí náà, ya iná iṣẹ́ ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára iná ẹ̀rọ amúlétutù, láti orí bọ́ọ̀dù wá. Jẹ́ kí ínfátà àti bátìrì wà láàárín kọ̀ǹpútà àti gbogbo ayé. Bátìrì tó máa gbé e títí jẹnẹrétọ̀ á fi dúró dáadáa ti tó; má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó máa gbé odindi ilé fún ọ. Kó o sì fi ohun tó ń gé iná tó bá ga jù sẹ́nu ọ̀nà tí iná gbà wọlé. Wáyà tó ń wọlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní earthing, ńkọ́? Dúró ti oníṣẹ́ iná títí ó fi máa gbẹ́ ẹ. Tiwa, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló kàn gún irin sí.

Ooru náà wà níbẹ̀. Gbogbo iná tí ẹ̀rọ bá jẹ, ooru ló ń dà. Projector mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 500 dà bí kéèyàn tan áyọ́ọ̀nù méjì sínú yàrá tí kò ní fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́. Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé tó ya ilé Yunifásítì Ìbàdàn, máa ń dá ihò sára ògiri kí atẹ́gùn lè kọjá. Yàrá òkùnkùn ò gba irú ẹ̀. Ohun tí mo máa ṣe tí mo bá tún un ṣe ni pé màá kọ́ yàrá òkùnkùn sínú sítọ́ọ̀ náà bí àpótí nínú àpótí, kí atẹ́gùn máa gba àárín méjèèjì.

Eku o! Sítọ́ọ̀ kòkó ò lè ṣe kó má léku. Páìpù onírin ni kó o fi wáyà sí, má fi oníke.

Má tìjú ilé àtijọ́. ZKM, mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà àti fídíò tó wà ní Karlsruhe ní Jámánì, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ògbólógbòó ni wọ́n kó o sí lọ́dún 1997, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ilé tuntun tí ayàwòrán-ilé Rem Koolhaas yà fún wọn tì. Kó o sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó máa tún nǹkan ṣe. Tẹlifíṣọ̀n 1,003 ni Nam June Paik, oníṣẹ́ ọnà fídíò, tò jọ fún mùsíọ́ọ̀mù kan ní Kòríà lọ́dún 1988. Nígbà tó di 2018 wọ́n ní láti pa á, ó sì di 2022 kó tó tún tàn.

Áà, àjà. Ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà 16 ó kéré tán, kí òjìji àwọn tó ń rìn má bọ́ sára àwòrán, kí irin wà lókè tó o máa so nǹkan kọ́. Ṣùgbọ́n jíjìn yàrá ṣe pàtàkì jù ú lọ: tí nọ́ńbà tó ń sọ bí projector ṣe máa jìnnà sí ògiri tó, tí wọ́n ń pè ní throw ratio, bá jẹ́ 1.5, àwòrán tó fẹ̀ ní mítà 4 ń fẹ́ àyè mítà 6. Abẹ́ páànù, wá nǹkan tó ń gbé ariwo mì tẹ́ síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjò oṣù kẹfà á pa gbogbo ohùn rẹ́. Ọ̀dà dúdú tí kì í dán, ẹnu ọ̀nà tó yí po kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé, o mọ ìyẹn.

Fi ìwé tí ẹnjiníà rẹ fi ṣírò iná ránṣẹ́ sí mi kó o tó buwọ́ lù ú. Tó o bá sì ti ra gíláàsì ná, apá àríwá ni kó o fi sí, níbi tí wọ́n á ti máa ta tíkẹ́ẹ̀tì.