Ọjọ́ méjì ní Purdue: kí ni ká lọ wò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Maryland, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kọkànlá. Ẹnjiníà ló lóun fẹ́ kọ́, Purdue University ní ìpínlẹ̀ Indiana ló sì gbé sọ́kàn. Bàbá rẹ̀ ní University of Maryland wà nítòsí, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. A ti fẹnu kò pé ká gbé ọmọ náà lọ wo ibẹ̀ ná, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ni mo lè gbà níbi iṣẹ́. Kí ni ká wò, ta ni ká sì bá sọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Indianapolis tún ní ká fi àdírẹ́sì òun sí fọ́ọ̀mù kí owó lè wálẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àìsùn o, màmá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì kúrò nílẹ̀: ẹ má dán an wò. Ibi tí òbí fi ṣe ilé ni yunifásítì ń wò kó tó pe ọmọ ní ọmọ ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá torí ìwé nìkan wá sí Indiana, bó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, àlejò ni wọn yóò ṣì kà á sí nígbà tí owó bá tó san. Ìfẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ tó bá wọ inú fọ́ọ̀mù lè gba àyè lọ́wọ́ ọmọ.

Owó náà rè é. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, owó ẹ̀kọ́ ọdún kan ní Purdue jẹ́ 9,992 dọ́là fún ọmọ Indiana, ó sì jẹ́ 28,794 dọ́là fún ọmọ tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá. Nígbà náà, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọn ò ti fi kún un, èyí tí kò wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà rárá. Bí ẹ bá ṣírò ọdún mẹ́rin, ìyàtọ̀ láàárín onílé àti àlejò ju 75,000 dọ́là lọ, a ò sì tíì ka ilé gbígbé, oúnjẹ àti owó àfikún tí àwọn ọmọ ẹnjiníà ń san. Ṣùgbọ́n kí ló kàn yín nípa owó ọmọ Indiana? Ohun tí ẹ máa fi wéra ni iye tí College Park, ìyẹn University of Maryland tí bàbá rẹ̀ ń sọ, máa gbà lọ́wọ́ yín gẹ́gẹ́ bí ọmọ Maryland. Ẹ kọ méjèèjì sórí ìwé kan náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan: kí ẹ tó lọ sí Indiana, ẹ lọ sí College Park lọ́jọ́ iṣẹ́ kan, kí ẹ sì bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tí ẹ máa bi àwọn ará Purdue. Mo ti rí òbí tó na owó rẹpẹtẹ lọ wo yunifásítì márùn-ún ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tí kò fẹsẹ̀ tẹ èyí tó wà ní ogún ìṣẹ́jú sílé rẹ̀. Ẹnjiníà tí wọ́n ń kọ́ ní College Park kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀yìn. Ọmọ yín gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí òun máa rí ní Purdue tí kò sí nítòsí ilé, òun fúnra rẹ̀ ni kó sì sọ ọ́.

Ní ti ọ̀nà, mọ́tò máa gbà tó wákàtí mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru kò gbọ́dọ̀ dán ìyẹn wò pẹ̀lú ìsinmi ọjọ́ méjì. Ẹ wọ bàálù lọ sí Indianapolis. Láti ibẹ̀, wákàtí kan àti díẹ̀ ni dé West Lafayette, ìlú tí Purdue wà. Tíkẹ́ẹ̀tì Chicago máa ń fa ojú èèyàn mọ́ra, àmọ́ aago Chicago fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti West Lafayette. Èmi gan-an ti kó ọmọ mẹ́ta láti Chicago, mo ń fi ọkàn balẹ̀ wakọ̀ lójú ọ̀nà I-65, mo ń ra gúgúrú. A débẹ̀, àwọn tí à ń lọ bá ti ń jáde. Ẹ̀bi èmi nìkan ni.

Ẹ yan ọjọ́ tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì dára. Lásìkò ìkórè tí wọ́n ń pè ní fall, ẹ wo ìgbà tí Purdue máa gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nílé, torí pé hòtẹ́ẹ̀lì máa ń kún, owó wọn á sì lọ sókè. Ọ̀fẹ́ ni mímú àlejò káàkiri ọgbà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ẹ̀ka ẹnjiníà ní ìpàdé tirẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sì dá dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á rìn yí ọgbà ká, wọ́n á ra fìlà, wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹnjiníà.

Ẹ máa dé iwájú Neil Armstrong Hall, níbi tí wọ́n mọ ère Armstrong sí bí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó. Ipa bàtà tó jọ èyí tó fi tẹ òṣùpá wà nílẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Ọmọ Purdue ni, ó jáde ní 1955. Eugene Cernan, ẹni tó kúrò lórí òṣùpá gbẹ̀yìn ní 1972, ọmọ ibẹ̀ náà ni. Ẹ ya fọ́tò yín, kí ẹ sì wọlé, torí pé inú ilé ni iṣẹ́ wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọjọ́ méjèèjì wádìí gan-an nìyí. Ní Purdue, ọmọ tí wọ́n gbà sí ẹnjiníà kì í bọ́ sí ẹ̀ka ọkọ̀ òfuurufú tàbí ti iná mànàmáná lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wọn jọ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní First-Year Engineering: ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì, kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n ń ṣe ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń yan ẹ̀ka, máàkì ọmọ àti àyè tó wà ló sì ń pinnu bóyá èyí tó fẹ́ ló máa bọ́ sí. Fún ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́, oore ńlá ni. Fún ọmọ tó ti búra pé bí kì í bá ṣe bàálù òun ò ṣe, ó yẹ kó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn kejì wà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ẹnjiníà: lọ́dún tó kọjá, mélòó nínú àwọn tó fẹ́ ẹ̀ka tí ọmọ mi fẹ́ ló rí i gbà? Ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn dé òpin.

Ọmọ tó ń mú àlejò kiri kì í tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹni tí ẹ ń wá ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la yíyan ẹ̀ka kọjá. Wilmeth Active Learning Center, ilé ìkàwé àti kíláàsì tí wọ́n ṣí ní 2017, ni mo máa ń lọ ní bí aago mẹ́jọ alẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan dúró níwájú pátákó níbẹ̀, ó ń kọ ìṣirò, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa á rẹ́. Ọmọ tí mo mú lọ dúró ń wò ó, ó wá béèrè pé, “Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí?” Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fún un ní ìjókòó, ó sì là á yé e: kíláàsì tí èèyàn pọ̀ jù nínú rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò rí ẹ̀ka tó fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n lò. Gbogbo ìwé tí wọ́n pín fún wa lọ́sàn-án kò sọ ìdajì rẹ̀.

Bí ọmọ yín bá ń bá irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ jìnnà díẹ̀ sí i, màmá. Ẹ lọ ra tíì. Mo mọ̀ pé ẹnu á máa yún yín láti bá a béèrè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1974 fi èsì ìdánwò rẹ̀ sí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n lè sọ pé àwọn ò lè bá yín sọ ọ́ àfi bí ó bá fọwọ́ sí i. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ẹ má sì fi National Society of Black Engineers, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀. Purdue ni wọ́n ti bí ẹgbẹ́ náà: akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1971, ní 1975 ó sì di ẹgbẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè níbi ìpàdé kan nínú ọgbà yẹn. Kí ọmọ yín kọ ímeèlì sí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń rí ata rodo. Mi ò fi ṣeré: ẹni tó mọ ibẹ̀ ló mọ ìdílé tó máa ń gba ọmọ sílé nígbà Thanksgiving tí gbogbo ọgbà bá ṣófo.

Bí ó bá wù ú lẹ́yìn gbogbo èyí, kó fi ìwé sílẹ̀ kí 1 oṣù kọkànlá tó kọjá, torí pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń wò fún ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́. Wọ́n ti tún ń béèrè máàkì ìdánwò SAT tàbí ACT, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó fi ìdánwò náà di ìgbà ìkórè. Bí ẹ bá lọ láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta, ẹ gbé ẹ̀wù òtútù tó nípọn dání. Oko àgbàdo tó tẹ́jú ló yí ìlú náà ká, kò sí òkè tó máa dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.